Abẹ́rẹ́ Kẹta Lára Itan Ẹlẹ́dẹ̀

Láti àárọ̀ ni Lianzhi ti ń lọ tó ń bọ̀ lábẹ́ àjà. Itan ẹlẹ́dẹ̀ tó rọ̀ síbẹ̀ ni ìkẹyìn tí Chaogui, ọkọ rẹ̀, fi iyọ̀ ra kó tó kú. Ọdún mẹ́ta gbáko ló ti wà níbẹ̀. Bó bá ti bàjẹ́, kí ló kù tí ọwọ́ Chaogui ṣe? Ìdí obìnrin náà ò gba ìjókòó.

Ní Xuanwei, ìlú wọn ní ilẹ̀ Ṣáínà, imú ló ń mọ itan tó dáa. Àwọn baba ńlá wọn tó ń fi ìbaaka ru iyọ̀ gun òkè ló fi òfin lélẹ̀: ìgbà òtútù ni kí a fi iyọ̀ ra ẹran, kí a sì tẹ̀ ẹ́ títí ẹ̀jẹ̀ ìdí egungun yóò fi jáde tán. Iṣẹ́ ọ̀lẹ kọ́ rárá.

Bàbá Miao, tó ń bá gbogbo abúlé dán itan wò, wọlé tòun ti abẹ́rẹ́ ọparun mẹ́ta tó fi ń gún ẹran kó lè gbóòórùn inú rẹ̀.

"Ìyàwó wa, jókòó jàre! Ẹlẹ́dẹ̀ tó ti kú láti ọdún mẹ́ta, ṣé ó fẹ́ sá lọ ni?"

"Bàbá, ẹ ṣáà gún un."

Ó gún ẹ̀gbẹ́ orúnkún, ó gbóòórùn rẹ̀, ó rẹ́rìn-ín, ó fi ọ̀rá dí ojú ihò. Ó gún àárín. "Chaogui! Ọmọ yẹn mọṣẹ́!" Ó wá gún ìdí egungun ìbàdí. Ó gbóòórùn rẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì, ó sì yára mú ọ̀rá.

"Ó dáa," ló wí, àmọ́ kò wojú rẹ̀.

"Ẹ gbé abẹ́rẹ́ yẹn wá."

"Mo ní ó dáa."

"Bàbá, ẹ gbé e wá!"

Lianzhi gba abẹ́rẹ́ náà, ó gbé e símú: ó ti rà. Ẹ̀jẹ̀ ló kù sí ìdí egungun.

Lianzhi jókòó wàyí. Lọ́jọ́ tí wọ́n ń fi iyọ̀ ra ẹran yẹn, ó ní kóun bá a tẹ̀ ẹ́, Chaogui fi í ṣe yẹ̀yẹ́ pé, "Ṣé mo ti darúgbó lójú ẹ ni?" Oṣù márùn-ún lẹ́yìn náà ló kú. Gbogbo ayé ní àìsàn òjijì ni.

"Ó ti ń ṣàìsàn nígbà yẹn," ni Lianzhi wí. "Apá rẹ̀ ò ká a mọ́, ó ń bá mi ṣàwàdà! Inú ń bí mi sí i, Bàbá. Inú ń bí mi gan-an."

"Ṣé ká gbé e sọ nù ni?"

Lianzhi sọ̀ ẹran náà kalẹ̀, ó mú ọ̀bẹ, ó ń gé e wẹ́lẹ́wẹ́lẹ́ láti orúnkún lọ sókè, ó ń gbóòórùn ọ̀kọ̀ọ̀kan, títí òórùn náà fi yí padà, tí ọwọ́ rẹ̀ sì dúró.

"Ibí ni agbára rẹ̀ dé," ló wí, omijé ń dà lójú rẹ̀. "Ẹ sún mọ́ mi, Bàbá, ẹ bá mi jẹ èyí tó dáa níbẹ̀."