Ìró Mẹ́ta Lára Kọ́bọ́ọ̀dù

Ọdún mẹ́sàn-án gbáko ni obìnrin tí àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ń pè ní Elétíọfẹ fi wá ojúlówó ẹ̀dà fíìmù kan ṣoṣo. Ó wá a dé gbọ̀ngàn sinimá tí wọ́n ti sọ di ilé ìkẹ́rùsí. Ó wá a dé ọ̀dọ̀ àwọn opó tí ọkọ wọn fi kámẹ́rà jẹun nígbà ayé wọn. Ó kọ lẹ́tà tí kò rí èsì, ó sì rí èsì tí kò sàn ju àìrí lọ. Níkẹyìn, ó bá a nínú yàrá kótópó kan lábẹ́ àtẹ̀gùn, nínú agolo irin méje tí ìpẹtà ti jẹ dé etí. Ọdún méjì mìíràn ló fi tún un ṣe. Ó fi òwú rírọ̀ nu àwòrán kọ̀ọ̀kan, ó fi ọwọ́ ara rẹ̀ lẹ ibi tó ya, títí ètè obìnrin inú fíìmù náà fi tún pupa bíi ti ọjọ́ tí wọ́n kọ́kọ́ yà á. Bí ó bá ń lọ sílé lẹ́yìn iṣẹ́, a máa rìn bí ẹni tó gbé adé lérí, kò sì sí ẹni tó lè sọ pé adé náà kì í ṣe tirẹ̀.

Fíìmù ọ̀hún, tí orúkọ rẹ̀ ń jẹ́ Lẹ́yìn Kọ́tìnì, kì í ṣe ti ọmọdé. Ọkùnrin kan tó ń dá gbé ló máa ń fi awò ọ̀nà jíjìn wo obìnrin tó ń gbé ní òdìkejì òpópónà. A ń rí bí obìnrin náà ti ń tú irun rẹ̀ sílẹ̀ níwájú dígí, bí ó ti ń ṣí bọ́tìnì aṣọ rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan láìkánjú, bí ìmọ́lẹ̀ ti ń tẹ̀lé èjìká rẹ̀ sọ̀ kalẹ̀. A sì ń gbọ́ èémí ọkùnrin náà tó ń wúwo sí i. Lọ́jọ́ kan, ó rí ẹnì kan tó wọ ìbọ̀wọ́ dúdú tó yọ sí obìnrin náà lẹ́yìn, tó sì fún un lọ́rùn. Awò wà lójú rẹ̀, ṣùgbọ́n ẹnu rẹ̀ wúwo, nítorí bí ó bá ké, wọn yóò bi í pé kí ló ń ṣe lójú fèrèsé. Nígbà tí fíìmù náà kọ́kọ́ jáde, àwọn bàbá tó bú u níwájú ìyàwó wọn ni wọ́n kọ́kọ́ tò sẹ́nu ọ̀nà sinimá. Ìran ìfúnlọ́rùn yẹn, tí kò ju ìṣẹ́jú méjì àti díẹ̀ lọ, ni gbogbo ayé sì ń yìn. Wọ́n ní irú eré bẹ́ẹ̀ kò sí rí.

Ilé iṣẹ́ kan tó ń ṣe àwo fídíò ló fẹ́ gbé e jáde lákọ̀tun, kí àwọn ènìyàn lè máa wò ó nílé. Ìtúnṣe ohùn fíìmù náà ni Elétíọfẹ fi kásẹ̀ iṣẹ́ nílẹ̀. Téèpù ohùn tó bá àwọn agolo náà wá ń ta bí epo gbígbóná, ó sì ń yọ ariwo kọ̀ọ̀kan bí ẹni tó ń ṣa òkúta kúrò nínú ẹ̀wà. Nígbà tí ó dé ibi ìfúnlọ́rùn, ó bá ìró kan pàdé: gbì, gbì, gbì. Ó dákẹ́. Gbì, gbì, gbì. Ó tún dákẹ́, ó tún dún lẹ́ẹ̀mẹ́ta. Elétíọfẹ gbà pé káfíńtà kan ló ń kan pákó lẹ́yìn ibi tí wọ́n ti ń ya fíìmù. Ó pa mẹ́sẹ̀ẹ̀sán rẹ́, inú rẹ̀ sì dùn pé òun ṣe é láìfi àpá kankan sílẹ̀. Wọ́n tẹ ogójì àwo àpẹẹrẹ, wọ́n fi wọ́n ránṣẹ́ sí àwọn tó ń kọ̀wé nípa fíìmù. Afínjú gbálẹ̀ títí, ó gbá òrùka ìyàwó mọ́ ìdọ̀tí.

Ó wá ku nǹkan méjì. Òṣèré tó ṣe obìnrin inú fíìmù náà, tí gbogbo ènìyàn ṣì ń pè ní Ẹyinjú, yóò wá sọ̀rọ̀ lórí rẹ̀, kí wọ́n lè fi ọ̀rọ̀ rẹ̀ kún inú àwo. Olùdarí fíìmù náà yóò sì wá kó agolo méje rẹ̀ àti téèpù ohùn padà, gẹ́gẹ́ bí ìwé àdéhùn ti wí. Olójúkan ni ìnagijẹ arúgbó yìí, nítorí pé ó máa ń di ojú kan nígbà gbogbo bí ẹni tó ń wo inú kámẹ́rà. Ọjọ́ kan náà ni wọ́n fi àwọn méjèèjì sí, Ẹyinjú láàárọ̀, Olójúkan lọ́sàn-án.

Ẹyinjú ti lé ní ọgọ́ta ọdún. Ó ṣì rẹwà, bí ilé àtijọ́ tí òpó rẹ̀ kò yẹ̀. Ohùn rẹ̀ nìkan ló dà bí ìgbà tí ènìyàn ń wọ́ àpótí lórí iyanrìn.

"Ṣé ìwọ ni wọ́n ní o máa ń gbọ́ tí èèrà bá wúkọ́?"

"Ó wúkọ́ lẹ́ẹ̀mejì kí ẹ tó wọlé, Mà."

Ẹyinjú rẹ́rìn-ín, ó ní ẹni tó bá lẹ́nu báyìí kò ní sùn lébi. Elétíọfẹ mú un wọ yàrá gíláàsì kékeré tó wà ní igun ibi iṣẹ́ náà, níbi tí wọ́n ti ń gba ohùn sílẹ̀. Ó pa iná ibẹ̀ kí àwòrán lè hàn dáadáa, ó ṣí makirofóònù, ó jẹ́ kí fíìmù máa lọ.

Fún bíi wákàtí kan, àwàdà ni Ẹyinjú ń ṣe. Ó ní bọ́tìnì aṣọ yẹn ṣe eré ju òun lọ, ó sì yẹ kí wọ́n ti fún un lẹ́bùn. Nígbà tí ìbọ̀wọ́ dúdú yọ, ó dá àwàdà dúró, ó tẹ́tí sílẹ̀. Nínú àwòrán, ọwọ́ méjì wọ ọrùn rẹ̀ bí ìdè. Orí rẹ̀ gbá ẹ̀gbẹ́ kọ́bọ́ọ̀dù. Ẹsẹ̀ rẹ̀ ń ta, bàtà kan fò lọ. Iṣan iwájú orí rẹ̀ yọ, ojú rẹ̀ yí, itọ́ tó ní ẹ̀jẹ̀ nínú sì ṣàn sí àgbọ̀n rẹ̀ láti ibi tí ó ti gé ahọ́n ara rẹ̀ jẹ. Apá ọ̀tún rẹ̀ nà kọjá etí àwòrán, a kò rí ohun tí ọwọ́ náà ń ṣe.

"Níbo ni ìró mi wà?" ni Ẹyinjú béèrè.

Elétíọfẹ bi í pé ìró wo.

"Mo kan kọ́bọ́ọ̀dù. Lẹ́ẹ̀mẹ́ta, lẹ́ẹ̀mẹ́ta."

Ibẹ̀ ni ó ti wá ṣàlàyé. Ẹni tí wọ́n bá ń fún lọ́rùn nínú eré kò lè sọ̀rọ̀. Nítorí náà, àwọn òṣèré ní òfin kan láàárín ara wọn, tí kò sí ẹni tó gbọ́dọ̀ fi ṣeré. Bí onítọ̀hún bá ti fi ọwọ́ kan igi lẹ́ẹ̀mẹ́ta, eré parí. Kí wọ́n tú u sílẹ̀ lójú ẹsẹ̀. Ọkùnrin tó yẹ kó wọ ìbọ̀wọ́ lọ́jọ́ yẹn, Olójúkan ti ní kó máa lọ sílé. Òun fúnra rẹ̀ ló kó ìbọ̀wọ́ sọ́wọ́, ó ní òun fẹ́ rí ojú ẹni tí ẹ̀rù ń bà ní tòótọ́. Ẹyinjú kan kọ́bọ́ọ̀dù lẹ́ẹ̀mẹ́ta, ọwọ́ náà kò tú. Ó tún kàn án, ó tún kàn án. Ènìyàn mẹ́tàdínlógún ló dúró lẹ́yìn kámẹ́rà, gbogbo wọn ń wò, kò sí ẹni tó mira. Ohùn tó gbé lọ síbẹ̀ kò bá a padà wálé mọ́, iṣẹ́ òṣèré sì bá ohùn lọ. Nígbà tí ó fi ẹjọ́ sùn, wọ́n ní kí ó fi ìró náà hàn. Ohùn gbogbo ẹ̀dà fíìmù tó wà nínú sinimá ti ń ta pàràpàrà ju kí ẹnikẹ́ni gbọ́ nǹkan kan nínú rẹ̀ lọ.

"Èmi ni mo pa á rẹ́, Mà," ni Elétíọfẹ wí. "Mo rò pé káfíńtà ni."

Ẹyinjú yíjú sí i.

"Ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n ni mo fi ń retí ẹni tí yóò nu fíìmù yẹn mọ́, kí wọ́n lè gbọ́ mi. Ìwọ nù ún tán, o nu èmi náà dànù."

Ọ̀rọ̀ náà wọ Elétíọfẹ lára ju ẹgba lọ. Ṣùgbọ́n téèpù ohùn ṣì wà lórí ẹ̀rọ, ìró mẹ́sẹ̀ẹ̀sán sì wà nínú rẹ̀ pérépéré. Bí Olójúkan bá gbé téèpù yẹn jáde, kò ní sí ẹ̀rí mọ́ títí ayé. Ó sọ fún Ẹyinjú pé kí ó jókòó síbẹ̀, kí ó sinmi. Òun yóò da ìró náà padà sínú kọ̀ǹpútà kí onítéèpù tó dé. Ó ti ilẹ̀kùn gíláàsì, ó sì jókòó sídìí tábìlì rẹ̀.

Kò pẹ́ tí Olójúkan fi wọlé. Kò kan ilẹ̀kùn. Ó kí i pẹ̀lẹ́, ó di ojú òsì rẹ̀, ó sì fi ọ̀tún wo iwájú kọ̀ǹpútà. Àmì ìró mẹ́sàn-án náà dúró níbẹ̀ bí èékánná.

"Iṣẹ́ yìí ti parí, ọmọ mi. Kí lo tún ń wá nínú rẹ̀?"

"Mo ń dá ohun olóhun padà, Sà."

"Ariwo ni. O ti pa á rẹ́ lẹ́ẹ̀kan, o sì ṣe dáadáa." Ó na ọwọ́. "Gbé téèpù mi wá."

Elétíọfẹ ní ó di ìgbà tí òun bá ṣe tán. Arúgbó náà rẹ́rìn-ín músẹ́, ó ní àwọn àgbà ló ń sọ pé igi gogoro má gùn mí lójú, òkèèrè la ti ń wò ó. Òun ti ń wo Elétíọfẹ láti òkèèrè láti ọdún méjì yìí. Elétíọfẹ yíjú sí kọ̀ǹpútà, ó fi ẹ̀rọ ìgbọ́hùn bo etí méjèèjì, ó sì kọ ẹ̀yìn sí i. Àṣìṣe tí ẹni tó gbójú lé etí ara rẹ̀ lè ṣe nìyẹn.

Wáyà ẹ̀rọ ìgbọ́hùn náà ló kọ́kọ́ lọ́ mọ́ ọn lọ́rùn. Orúnkún arúgbó náà tẹ ẹ̀yìn àga, ó fà, wáyà wọnú ẹran. Elétíọfẹ fi èékánná ya ọwọ́ rẹ̀, ó ya ọrùn ara rẹ̀ náà. Ojú rẹ̀ ṣú, ó tún là, ó rí gíláàsì yàrá kékeré níwájú rẹ̀, tó dúdú, tó dán, tí kò fi nǹkan kan hàn án ju òun àti ẹni tó ń pa òun lọ. Makirofóònù orí tábìlì, èyí tó fi ń bá ẹni inú yàrá náà sọ̀rọ̀, ṣì ṣí sílẹ̀. Ó gbé ọwọ́ ọ̀tún, ó kan tábìlì. Gbì, gbì, gbì.

Nǹkan kan kò ṣẹlẹ̀.

Ó tún kàn án. Eyín rẹ̀ ti wọ ahọ́n, ẹ̀jẹ̀ gbóná lẹ́nu rẹ̀. Ó kàn án lẹ́ẹ̀kẹta, èyí tó kẹ́yìn kò ju ìka kan lọ.

Ilẹ̀kùn gíláàsì ṣí. Ẹyinjú mú agolo irin kan lórí pẹpẹ, ó gbé e sókè pẹ̀lú ọwọ́ méjèèjì, ó sọ̀ ọ́ kalẹ̀ sí ọrùn ọwọ́ Olójúkan. Egungun dún bí igi gbígbẹ. Wáyà dẹ̀. Agolo tún sọ̀ kalẹ̀, ó bá a ní igbáròkó, arúgbó náà wó. Ó bá a léjìká, ó bá a lẹ́nu, eyín méjì fọ́n sílẹ̀. Ẹyinjú kò sọ̀rọ̀, kò ké, ó ń gbé e sókè, ó ń sọ̀ ọ́ kalẹ̀, létòlétò, bí ẹni tó ń gúnyán. Ẹ̀jẹ̀ ta sí aṣọ rẹ̀ dé àyà. Ó gbé agolo náà sókè tààrà lórí orí ọkùnrin náà.

Elétíọfẹ fẹ́ pè é, ohùn kò sí. Ó na ọwọ́ sí ẹsẹ̀ tábìlì, ó kàn án lẹ́ẹ̀mẹ́ta.

Ẹyinjú dúró. Agolo náà wà lókè. Lẹ́yìn náà ó gbé e kalẹ̀ jẹ́jẹ́ sórí ilẹ̀, ó sì jókòó ti Elétíọfẹ.

"Mo gbọ́ ti àkọ́kọ́," ni ó wí. "Mo gbọ́ ti èkejì. Mo jókòó síbẹ̀, mo ń wò ọ́. Mo ní kí n mọ bí ó ti máa ń rí fún àwọn mẹ́tàdínlógún."

Elétíọfẹ di ọwọ́ Ẹyinjú mú títí àwọn ọlọ́pàá fi dé.

Olójúkan kò kú. Ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀ kò ní di nǹkan kan mú mọ́, ó sì ń dúró de ìgbẹ́jọ́ lórí ibùsùn ilé ìwòsàn. Makirofóònù ti gba gbogbo rẹ̀ sílẹ̀, téèpù ohùn wà lọ́wọ́ ọlọ́pàá, ẹ̀dà rẹ̀ wà nínú kọ̀ǹpútà. Ilé iṣẹ́ àwo fídíò bẹ Elétíọfẹ pé ṣé kò lè jẹ́ kí ìró náà rẹlẹ̀ díẹ̀, kí ó má ba ìgbádùn àwọn olùwòran jẹ́. Ó fi ohùn tuntun tó kù fún un, tó há bíi ti Ẹyinjú, dá wọn lóhùn pé rárá. Ẹyinjú náà ti tún ọ̀rọ̀ rẹ̀ sọ sínú makirofóònù láti ìbẹ̀rẹ̀, pẹ̀lú àwàdà bọ́tìnì àti gbogbo rẹ̀. Àwo tí wọ́n ń tà báyìí ní ìró mẹ́sẹ̀ẹ̀sán nínú, wọ́n sì ń dún kedere.

Ogójì àwo àpẹẹrẹ ló ti jáde láìní wọn. Elétíọfẹ kọ lẹ́tà sí ẹnì kọ̀ọ̀kan tó gba ọ̀kan, ó ṣàlàyé ohun tí òun pa rẹ́, ó ní kí wọ́n dá a padà kí òun fi òmíràn rọ́pò rẹ̀. Mọ́kànlélógún ti padà. Ó ṣì jẹ Ẹyinjú ní mọ́kàndínlógún.