Ẹni Tó Pín Ló Ń Mú Kẹ́yìn

Àgbà tó bá jẹ àjẹìwẹ̀yìn, òun náà ni yóò ru igbá rẹ̀ délé. Bí ìyá àgbà Labeebah bá ń bu ọbẹ̀ fún àwọn àgbàlagbà ilé wọn n'Ísẹ́yìn ló máa ń pa òwe yìí, kò sì ní gbójú sókè wo ẹni tó ń pa á fún. Òwe náà ló wá sí Labeebah lọ́kàn láàárọ̀ Sátidé yìí, bó ṣe dúró sẹ́yìn àga rẹ̀, tó káwọ́ mọ́ àyà.

"Mi ò ṣe oníṣègùn lónìí," ó wí.

Gafar kò tilẹ̀ yí ojú kúrò lára kọ̀ǹpútà tó wà níwájú rẹ̀. "Nọ́ọ̀sì ti bínú o," ó ní. "Ẹ bá mi bẹ Nọ́ọ̀sì."

"Bọ̀ọ̀dá Gafar, mo lórúkọ. Nọ́ọ̀sì kọ́."

Sátidé tó kẹ́yìn oṣù ni, ọjọ́ ìmọ́tótó tí kálukú ń tún iwájú ilé rẹ̀ ṣe. Láti aago méje títí di mẹ́wàá, ọkọ̀ ò gbọdọ̀ rìn, èèyàn ò sì gbọdọ̀ yọjú sí títì. Àwọn lọ́rì alùbọ́sà tó máa ń pariwo láti Mile 12 ti dákẹ́ rọ́rọ́. Oníbàárà kankan kò lè dé ilé-iṣẹ́ Ọ̀gá Oyèṣọlá, lókè pẹ̀tẹ́ẹ̀sì kan n'Ìkòsì, níbi tí wọ́n ti ń bá èèyàn tẹ ìwé, tí wọ́n ń ṣe fọ́tókọ́pì, tí àwọn ọmọ iléèwé sì ti ń wá ka í-meèlì. Ìdí nìyí tí àwọn mẹ́rin tó ń ṣiṣẹ́ níbẹ̀ fi máa ń dé kí aago méje tó lù. Wọn a ti ilẹ̀kùn mọ́ra, wọn a sì ta géèmù títí di mẹ́wàá. Elkanah tó ń gbé lódìkejì odò, n'Ágboyì, a ti wọ ọkọ̀ ojú omi láti ìdájí. Ní ti Labeebah, wákàtí mẹ́ta yìí nìkan ló wà nínú oṣù tó yẹ kí ẹnikẹ́ni má rán an níṣẹ́. Àárọ̀ Mọ́ńdè títí di ìrọ̀lẹ́ Sátidé, "Labeebah, bá wa ra ẹ̀wà," "Labeebah, omi ti tán," "Labeebah, orí ń fọ́ mi, ṣé o ní parasitamọ́ọ̀?" Wákàtí mẹ́ta péré ni tirẹ̀.

Ẹnubodè Méje ni wọ́n ń pe géèmù náà. Èèyàn mẹ́rin ló ń jọ rìn, olúkúlùkù lórí kọ̀ǹpútà tirẹ̀, wọn a máa ja ẹnubodè kan tẹ̀ lé òmíràn títí wọn yóò fi kan ààfin ọba òkùnkùn. Kí ìrìn tó bẹ̀rẹ̀, kálukú gbọ́dọ̀ yan irú ẹni tó fẹ́ jẹ́. Jagunjagun ń bẹ tó ń gbé idà. Onídán ń bẹ tó ń ju iná. Ọdẹ ń bẹ tó ń ta ọfà. Oníṣègùn sì ń bẹ, tó ń wọ́ tẹ̀ lé àwọn yòókù lẹ́yìn, tó ń di egbò, tó ń jí òkú dìde, tí òun fúnra rẹ̀ kì í pa eèrà.

Nínú ẹ̀dà àkọ́kọ́ tí wọ́n fi ọdún kan gbáko ta, ipò kọ̀ọ̀kan kò gba ju ẹnì kan lọ. Wọ́n wá ń pín in bí ẹní ń pín ẹran inú àwo: àgbà ló ń kọ́kọ́ mú, ẹni tó pín ló ń mú kẹ́yìn. Labeebah nìkan ló mọ bí wọ́n ṣe ń gbé géèmù sórí kọ̀ǹpútà, òun nìkan ló mọ bí wọ́n ṣe ń fi wáyà so mẹ́rẹ̀ẹ̀rin pọ̀. Bó ṣe di ẹni tó ń pín nìyẹn. Elkanah tó bá a níbi iṣẹ́, tí òun gan-an kọ́ bí wọ́n ṣe ń tẹ lẹ́tà, ń mú ṣáájú rẹ̀. Ìmọ̀ tí Ọlọ́run fún un ló fi ń jẹ àjẹkù. Ọdún kan gbáko ló fi di egbò.

Nígbà tí Gafar wá ra ẹ̀dà kejì bọ̀ láti Ìkẹjà, Labeebah dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run. Ọjọ́ mẹ́rin ló fi gbé e sórí kọ̀ǹpútà lẹ́yìn iṣẹ́. Ó ka ìwé ìlànà rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀ dópin, ó sì rí i níbẹ̀ pé ipò kò níye mọ́. Bí àwọn mẹ́rẹ̀ẹ̀rin bá fẹ́, kí wọ́n jẹ́ jagunjagun. Ó sọ fún wọn ní Ọjọ́rú. Wọ́n ń jẹun lọ́wọ́. Kò sẹ́ni tó gbọ́.

Láàárọ̀ yìí, bí wọ́n ṣe jókòó, Ọ̀gá Oyèṣọlá ti fọwọ́ nu ẹnu. "Jagunjagun ni tèmi," ó wí. Gafar mú onídán. Elkanah, tí ìjọ rẹ̀ kò gbà kó pidán lójú àlá pàápàá, mú ọdẹ. Ọ̀gá sì tọ́ka sí àga kẹrin. "Labeebah, o mọ tìẹ."

Ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ ti bẹ̀rẹ̀.

"Ẹ̀yin Ọ̀gá, ẹ má bínú," Labeebah wí. "Ẹran ló ń tán nínú àwo. Èyí ò lè tán. Kò sẹ́ni tó ń dù ú mọ́ yín lọ́wọ́. Kí la wá ń pín?"

"Bí ò tilẹ̀ tán, bí a ṣe ń ṣe é nìyẹn," Ọ̀gá dáhùn. "Bẹ́ẹ̀ obìnrin ló mọ ìtọ́jú. Ìwọ náà mọ̀ pé o mọ̀ ọ́n ṣe."

"Òótọ́ ni," Elkanah gbè é lẹ́sẹ̀. "Nínú Bíbélì náà, Dọ́káàsì tó ń tọ́jú àwọn opó..."

"Dèbórà ńkọ́?" Labeebah yíjú sí i. "Ta ló ṣáájú ogun níbẹ̀, tí ọkùnrin ní òun ò lọ àfi tó bá bá òun lọ? Elkanah, èmi tí mo lọ ilé-kéú ni n ó máa kọ́ ẹ ní Bíbélì?"

Gafar rẹ́rìn-ín títí ó fi húkọ́. Elkanah fi ojú pamọ́ sínú kọ̀ǹpútà.

Labeebah fa àga rẹ̀, ó jókòó. "Bísímílláhì," ó wí, ó sì tẹ jagunjagun. Kọ̀ǹpútà bi í léèrè orúkọ. Orúkọ oríkì tí ìyá àgbà fi ń kí i lórí fóònù ní gbogbo Jímọ́ ló sọ sí i lọ́kàn: *Àpínkẹ́ mi, ọmọ Arógunyọ̀, ọmọ a-fọwọ́-ọ̀tún-gbá-idà-mú, kó fi tòsì kí àlejò. Ogun ò wọlé bàbá rẹ rí kó bá ilẹ̀kùn ní títì.* Ó tẹ Arógunyọ̀.

"Ó ti mú jagunjagun!" Gafar pariwo. "Ọ̀gá, ó ti mú tiyín!"

"Tiwọn wà lọ́wọ́ wọn," Labeebah wí. "Ẹ jẹ́ ká lọ."

Wọ́n lọ. Ẹnubodè kìíní ni àwọn ẹ̀ṣọ́ mẹ́jọ ti bò wọ́n. Gafar ju iná lẹ́ẹ̀mejì, wọ́n bẹ́ ẹ lọ́rùn. Elkanah ń pe orúkọ Jésù, ọfà rẹ̀ ń ba ògiri.

"Wò mí sàn!" Ọ̀gá kígbe. "Labeebah, mò ń kú lọ! Wò mí sàn!"

"Idà ló wà lọ́wọ́ mi, Ọ̀gá."

Ọ̀gá kú. Labeebah nìkan ló kù, ó fẹ̀yìn ti ògiri, ó pa mẹ́ta nínú wọn kó tó ṣubú. Wọ́n tún bẹ̀rẹ̀. Wọ́n tún kú. Ẹlẹ́ẹ̀kẹta, kí wọ́n tó dé ẹnubodè gan-an ni Gafar ti lọ.

Aago mẹ́sàn-án lù. Ọ̀gá Oyèṣọlá bọ́ awò ojú rẹ̀, ó fi ẹ̀wù nù ún, ó tún fi í sójú.

"Ẹ̀dà tuntun yìí ò dáa," ó wí. "Ti àtijọ́ ló mọ́gbọ́n dání. Ibẹ̀, kálukú mọ ààyè rẹ̀. Labeebah, gbé ti àtijọ́ padà."

"Ọ̀gá?"

"O ò gbọ́ ni? Mo ní kó o yọ èyí, kó o gbé ti àtijọ́ padà. Kò gbà ju ìṣẹ́jú mélòó kan lọ fún ìwọ tó o mọ̀ ọ́n. Bí ò bá sì tẹ́ ẹ lọ́rùn, ìmọ́tótó tó ń bọ̀, dúró sílé. Bridget tó ń ta káàdì ìpè nísàlẹ̀ yẹn á wá jókòó síbẹ̀. Kò ní bá wa jiyàn."

Ọ̀rọ̀ náà gún Labeebah bí abẹ́rẹ́. Wákàtí mẹ́ta péré nínú oṣù, òun náà ni wọ́n fẹ́ gbà. Kì í ṣe pé kò mọ ìjà ni wọ́n rí sọ, ìjà tí gbogbo wọn fojú rí pé òun ló kú kẹ́yìn. Nítorí wọn ò rẹ́ni di egbò wọn ni wọ́n ṣe fẹ́ dá ayé padà sẹ́yìn. Ọwọ́ tirẹ̀ gan-an ni wọ́n sì fẹ́ fi dá a padà.

Ó ṣí dúrọ́ọ̀, ó mú sídiì tí ẹ̀dà àtijọ́ wà nínú rẹ̀, ó gbé e síwájú Ọ̀gá.

"Òun nìyí," ó wí. "Ẹ gbé e síbẹ̀ fúnra yín."

Ọ̀gá wo sídiì. Ó wo Gafar. Gafar wo Elkanah. Kò sẹ́ni tó nawọ́.

"Bọ̀ọ̀dá Gafar," Labeebah wí, "lẹ́nu ibodè kẹta ti àtijọ́ yẹn, ìgbà mọ́kànlá ni mo jí yín dìde. Ẹ ò sọ pé ẹ ṣeun lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo."

"Àbí kí ló ń ṣe èyí?" Gafar ní. "Inú géèmù lèèyàn á ti máa dúpẹ́?"

"Ẹ̀wà tí mò ń rà fún yín lójoojúmọ́ ńkọ́? Ṣé inú géèmù nìyẹn náà?"

Níta, ẹnì kan ń fi ìgbálẹ̀ gbá gọ́tà, ó ń ró ṣá, ṣá, ṣá. Elkanah fi ọwọ́ ra orí. "Lóòótọ́," ó sọ jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́, "èmi náà ò dúpẹ́ lọ́wọ́ ẹ̀ rí."

Ọ̀gá Oyèṣọlá mú sídiì náà. Ó yí i síwá, ó yí i sẹ́yìn, bí ẹni tí wọ́n di ẹrù fún tí kò rẹ́ni gbé e rù ú. Lẹ́yìn náà ó gbé e kalẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ pátákó bọ́tìnnì kọ̀ǹpútà. Lójú kọ̀ǹpútà rẹ̀, ìbéèrè ẹ̀dà tuntun ṣì ń tàn tó ń kú: ta lo fẹ́ jẹ́?

Inú Labeebah kò tíì rọ̀. Ṣùgbọ́n ó mọ̀ pé láìsí oníṣègùn, àwọn ò ní kọjá ẹnubodè kìíní láéláé, ó sì wù ú kó rí ibi tí èkejì wà, kó fi ẹsẹ̀ jagunjagun tẹ̀ ẹ́. Ó fa àga rẹ̀ sún mọ́ ti Ọ̀gá, débi tí ọwọ́ òun fi lè kan bọ́tìnnì Ọ̀gá, bó bá di pé kí òun fi bí wọ́n ṣe ń di egbò hàn án.

"Ọ̀gá," ó wí, "ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá wa ṣe oníṣègùn lónìí."