Ìkólòlò Felix

Nínú apá kìíní eré tẹlifíṣọ̀n kan tí wọ́n ń ṣe ní Enugu, Olúṣèyí Ọláògún ló ṣe Felix, ọ̀gá àwọn ajínigbé, tí kò mọ̀ ju kó pànìyàn kó sì rẹ́rìn-ín lọ. Nígbà tí wọ́n fẹ́ ṣe apá kejì, Rita, olùdarí eré náà, ní ìkà lásán ti sú òun. Kí Olúṣèyí wá nǹkan tí yóò mú kí àánú Felix ṣeni.

Olúṣèyí ronú kan bàbá rẹ̀, tíṣà tó ti fẹ̀yìn tì, tó ń gbé ní Maryland ní Enugu níbẹ̀. Akólòlò ni bàbá náà. Ló bá jẹ́ kí Felix máa kólòlò nígbàkúùgbà tó bá dúró níwájú ọmọbìnrin rẹ̀, tí kò mọ iṣẹ́ tó ń ṣe. Bí bàbá Olúṣèyí ṣe ń dijú, tó ń fi ìka lu itan kí ọ̀rọ̀ tó jáde, bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ló ṣe é. Àwọn tó ń wo eré náà sunkún.

Lọ́jọ́ Ìsinmi kan, bàbá dìde láti ka Bíbélì ní ìjọ àwọn Yorùbá. Ọ̀rọ̀ há. Ó dijú, ó fi ìka lu itan.

"Felix!" ni ẹnìkan wí láàárín àwọn akọrin. Ẹ̀rín sọ.

Bàbá kà á parí, ó lọ jókòó. Olúṣèyí ò lè gbójú sókè.

Nígbà tí wọ́n délé, ó dọ̀bálẹ̀. "Ẹ má bínú, sà. Mi ò fi yín ṣe yẹ̀yẹ́. Mo fẹ́ kí wọ́n fẹ́ràn ọkùnrin náà ni."

"Mo wò ó. Ó d-d-dára," ni bàbá wí. "Ṣùgbọ́n irọ́ ni Felix ń pa fún ọmọ rẹ̀, ẹ̀rù sì ń bà á. Ṣèyí, n-ǹjẹ́ mo purọ́ fún ọ rí?"

"Rárá, sà."

"Ọ̀rọ̀ kàn ń pẹ́ lẹ́nu mi ni."

Olúṣèyí bẹ Rita pé kí wọ́n yọ ìkólòlò náà kúrò. "E don late," ni Rita dáhùn. "Òun gan-an làwọn èèyàn fẹ́ràn."

Lọ́sẹ̀ tó tẹ̀ lé e, wọ́n tún pe bàbá láti ka Bíbélì. Ó ní ojú ń dun òun. Àlùfáà wá ní kí ọmọ rẹ̀ bá a kà á.

Olúṣèyí kà á geere, kò kọsẹ̀ níbì kankan. Àwọn ìyá ìjọ ń mi orí, wọ́n ń yìn ín pé ohùn rẹ̀ dùn. Ìtìjú bò ó bí ẹni pé wọ́n tú u síhòòhò.