Ọmọ Tí A Kò Fi Fọ́kọ

"Daddy, nínú gbogbo ọba Mùsùlùmí tó fẹ́ ọmọ Híńdù níyàwó yẹn, èwo nínú wọn ló fi ọmọ tiẹ̀ fún Híńdù?"

Àrẹ̀mú fi ṣíbí sílẹ̀. Inú rẹ̀ dùn sí ìbéèrè náà. Ọjọ́ Àìkú ni, wọ́n jókòó sídìí oúnjẹ nílé wọn ní Mission Bend, òun, Olúbùkọ́lá ìyàwó rẹ̀, àti Màríàm, ọmọ kan ṣoṣo tí wọ́n bí, tó jẹ́ dókítà eyín ní Uptown. Ó ti pẹ́ tí Àrẹ̀mú ti ń kọ́ni ní ìtàn ní kọ́lẹ́ẹ̀jì kan ní Houston, kò sì sí èyí tó wù ú láti máa sọ nínú iṣẹ́ náà tó ìtàn Íńdíà láyé tí àwọn ọba Mùsùlùmí ń ṣèjọba lórí àwọn Híńdù. Ó máa ń sọ bí wọ́n ṣe kó àwọn ọ̀mọ̀wé ẹ̀sìn méjèèjì sínú yàrá kan kí wọ́n lè túmọ̀ ìwé àwọn Híńdù sí èdè Páṣíà. Ẹni tó mọ ìwé kò gbọ́ Páṣíà, ẹni tó gbọ́ Páṣíà kò mọ ìwé, wọ́n wá ń fi èdè tí wọ́n fi ń nájà bá ara wọn sọ ọ́ títí ó fi parí. Láti kékeré ni Màríàm ti ń bá ìtàn náà jẹun.

"Ìbéèrè gidi nìyẹn," ó ní. "Àwọn ọba ò fún Híńdù lọ́mọ o. Wọ́n fẹ́ ọmọ wọn. Akbar gan-an, ọba ńlá kan nínú wọn, fẹ́ ọmọ ọba Híńdù, wọ́n sì ní ó jẹ́ kó máa bọ òrìṣà rẹ̀ láàfin. Ṣùgbọ́n kí ọba fa ọmọ tirẹ̀ lé Híńdù lọ́wọ́, ìyẹn ò sí níbẹ̀."

"Kò sẹ́nì kankan tó ṣe é rí?"

"Àwọn mẹ̀kúnnù ṣe é. Àwọn ará orí òkè kan lọ́nà Kashmir. Mùsùlùmí ń fún Híńdù lọ́mọ, Híńdù ń fún Mùsùlùmí. Ìgbà tí ọba kan gba ibẹ̀ kọjá tó gbọ́, ó ní kí wọ́n jáwọ́. Kò sọ pé kí wọ́n má gba ọmọ wá o. Fífúnni ló bí i nínú."

"Ṣé ìyẹn dáa lójú yín?"

"Èwo ni dáadáa níbẹ̀? Ìtàn ni mò ń sọ."

Màríàm wo ìyá rẹ̀. Ìyá rẹ̀ ń wo àwo oúnjẹ. "Daddy, ẹ rántí Nikhil, èyí tá a jọ ń ṣiṣẹ́, tó wá kí wa nígbà ìtúnu ààwẹ̀. Híńdù ni. Ó ti tó ọdún méjì tá a ti ń fẹ́ra. A fẹ́ ṣègbéyàwó."

Àrẹ̀mú rántí ọ̀dọ́kùnrin náà dáadáa. Ó dọ̀bálẹ̀ fún un lọ́jọ́ yẹn bí ọmọ Yorùbá, ó sì dùn mọ́ Àrẹ̀mú débi pé ó bi í léèrè ẹni tó kọ́ ọ.

"Ṣé ó fẹ́ gba Islam?"

"Ó ní òun lè sọ pé òun ti gbà á, tí ìyẹn bá máa tẹ́ yín lọ́rùn. Èmi ni mo ní kó má ṣe bẹ́ẹ̀. Kò ní í ti ọkàn rẹ̀ wá, ẹ̀yin náà á sì mọ̀."

"Tó bá rí bẹ́ẹ̀, kò lè ṣeé ṣe. Màríàm, gbọ́. Kì í ṣe pé mo kórìíra ọmọ náà. Yìgì ò lè so láàárín yín. Lójú Ọlọ́run, bí ẹni tí ò fẹ́ra náà lẹ máa rí, kódà lẹ́yìn tẹ́ ẹ bá bímọ."

"Ẹ̀yin náà fẹ́ Mummy, ọmọ ṣọ́ọ̀ṣì."

"Onígbàgbọ́ ni ìyá ẹ. Ẹ̀sìn fàyè gba ìyẹn."

Ìgbà yẹn ni Olúbùkọ́lá gbójú sókè. "Ẹ̀sìn tiyín ló fàyè gbà á, Bàbá Màríàm. Tiwa ò fàyè gbà á. Wòlíì ni bàbá mi. Ó kú láìbá mi sọ̀rọ̀, ẹ̀yin náà mọ̀."

"Mo mọ̀. Ṣé mo wá sọ pé ó dáa?"

"Ẹ ò sọ bẹ́ẹ̀," ó ní, ó dìde, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í palẹ̀ oúnjẹ mọ́, bẹ́ẹ̀ wọn ò tíì jẹun tán.

Láti ọjọ́ náà ni Àrẹ̀mú kò ti lálàáfíà mọ́. Ọ̀kan nínú àwọn àgbà jámáà Yorùbá ni, òun ni wọ́n máa ń pè tí wọ́n bá fẹ́ bá tọkọtaya sọ̀rọ̀. Ó mọ ohun tí wọ́n máa sọ lẹ́yìn rẹ̀. Ìyá rẹ̀ wà láàyè ní Ìwó, ó ti darúgbó, gbogbo ìgbà tó bá sì pe Màríàm lórí fóònù ló ń ṣàdúà ọkọ rere fún un. Ṣùgbọ́n tó bá jẹ́ ti èèyàn nìkan ni, bóyá ìbá fara dà á. Ẹ̀rù Ọlọ́run ló ń bà á ní tòótọ́. Ó ń ro ọjọ́ Àlùkìyáámọ̀, tí wọ́n á bi í léèrè ọmọ kan ṣoṣo tí wọ́n fi sí i níkàáwọ́, pé ọ̀dọ̀ ta ló fà á lé.

Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, obìnrin kan pè é.

"Ìyá Nikhil ni mí, sà. Inú fóònù ọmọ mi ni mo ti rí nọ́ńbà yín. Mo rò pé ó yẹ kí àwa òbí ríra. Àwọn ọmọ ò mọ̀ sí i."

Kò sọ fún ìyàwó rẹ̀. Ó ra dàbínù, ó sì wakọ̀ lọ sí Missouri City ní Sátidé. Obìnrin náà, opó tó ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ ilé ìwòsàn, jáde wá pàdé rẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà, ó pa ọwọ́ méjèèjì pọ̀, ó tẹrí ba fún un. Ilé náà mọ́ tónítóní. Ojúbọ kékeré kan wà ní igun pálọ̀, iná fìtílà ń jó níbẹ̀, òdòdó sì wà níwájú ère náà. Àrẹ̀mú mójú kúrò níbẹ̀. Ó wá rí àwòrán bàbá arúgbó kan lára ògiri, tó dé fìlà, tó dá irùngbọ̀n sí.

"Mùsùlùmí ni bàbá yìí?"

Obìnrin náà rẹ́rìn-ín. "Bàbá tó bí bàbá mi ni. Híńdù pọ́ńbélé ni. Bí wọ́n ṣe máa ń múra ní Lahore, ìlú wa, nígbà náà nìyẹn. Páṣíà ló fi ń kọ lẹ́tà. Tí ara ọmọ rẹ̀ ò bá yá, ibojì àlùfáà Mùsùlùmí ló ń gbé e lọ fún àdúà, gbogbo àdúgbò ló ń ṣe bẹ́ẹ̀."

"Mo mọ̀," ni Àrẹ̀mú wí. "Ohun tí mo fi ń kọ́ àwọn ọmọ nìyẹn."

"Ṣé ẹ ń kọ́ wọn ní ìyókù? Nígbà tí wọ́n pín Íńdíà sí méjì láàárín Mùsùlùmí àti Híńdù, àwọn aládùúgbò kan náà ló sun ilé wa. Ẹni tó máa ń bá bàbá àgbà ta ayò wà nínú wọn. Bàbá àgbà sá dé Delhi pẹ̀lú aṣọ ọrùn rẹ̀ nìkan. Títí tó fi kú, ó ń ka ewì Páṣíà, ó ń sunkún, ṣùgbọ́n kò jẹ́ kí Mùsùlùmí kankan wọ ilé rẹ̀. Ẹ̀yin ni Mùsùlùmí àkọ́kọ́ tí mo máa gbé oúnjẹ fún nínú ilé mi, sà."

Ó gbé oúnjẹ wá lóòótọ́: ìrẹsì, ẹ̀wà olómi, ẹ̀fọ́ tó fi wàrà sè. Kò sí ẹran níbẹ̀, Àrẹ̀mú ò sì ní láti bẹ̀rù pé ẹran tí wọn ò pa nílànà ni. Obìnrin náà ti gbọ́ pé ọmọ Nàìjíríà fẹ́ràn ata, ó sì ti fi ata púpọ̀ sí i. Wọ́n jẹun. Wọ́n sọ̀rọ̀ bí ọmọ ṣe ń ṣòro tọ́ ní Amẹ́ríkà, bí èdè ṣe ń bọ́ lẹ́nu wọn. Ó ti pẹ́ tí Àrẹ̀mú ti bá àjèjì sọ̀rọ̀ tó tù ú lára tó bẹ́ẹ̀. Ìgbà tí wọ́n mu tíì tán ni obìnrin náà sọ ohun tó pè é fún.

"Ọmọ yín dáa. Ó mọ èèyàn kí, ojú rẹ̀ sì tutù. Mi ò lè gbà á."

"Èmi náà ò lè gba tiyín, màmá. Kò sì sí ohun tí mo rí tó burú lọ́wọ́ rẹ̀."

"Tó bá jẹ́ ọ̀kan nínú wa ló kọ̀, ọ̀dọ̀ ẹnì kejì ni wọ́n á sá lọ. Tó bá wá jẹ́ àwa méjèèjì ni?"

"Wọn ò ní rí ibi sá lọ," ni Àrẹ̀mú wí.

Ó fi dàbínù sílẹ̀ fún un. Obìnrin náà di oúnjẹ fún un lọ sílé, ṣùgbọ́n Àrẹ̀mú jù ú nù lójú ọ̀nà kí Olúbùkọ́lá má bàa rí i.

Kò pẹ́ tí ọ̀rọ̀ náà fi yanjú. Ìyá Nikhil dùbúlẹ̀, ó ní òun ò jẹun mọ́. Nikhil bẹ̀ ẹ́ títí, kò gbọ́, Nikhil sì gbà nígbẹ̀yìn láti fi Màríàm sílẹ̀. Níbi ìgbọ́kọ̀sí ilé ìtajà ńlá Galleria ló ti sọ fún Màríàm, nínú ọkọ̀, lẹ́yìn iṣẹ́. Màríàm wakọ̀ wá sílé tààrà. Ó bá bàbá rẹ̀ ní pálọ̀ tó ń ka ìwé ìdánwò àwọn akẹ́kọ̀ọ́ rẹ̀.

"Nikhil ní ẹ lọ sílé àwọn."

"Mo lọ."

"Pé ẹ̀yin àti Mama rẹ̀ jókòó."

"A jókòó, Màríàm. Nítorí yín ni. Òbí tó bá—"

"Ṣé ẹ jẹun níbẹ̀?"

Kò retí ìbéèrè yìí. "Mo jẹun."

"Kí lẹ jẹ?"

"Ìrẹsì. Ẹ̀wà wọn."

Màríàm jókòó sórí àpótí bàtà tó wà lẹ́yìn ìlẹ̀kùn. Ó ti lé ní ọgbọ̀n ọdún, ṣùgbọ́n bí ọmọ tí wọ́n gbàgbé sí ilé ìwé ló rí. "Ọdún méjì ni mo fi ń bẹ Ọlọ́run pé kí ẹ̀yin àti Mama Nikhil jọ jẹun lẹ́ẹ̀kan péré. Mo rò pé tẹ́ ẹ bá ti lè jọ jẹun, ó parí. Ẹ wá jẹun lóòótọ́, Daddy. Ẹ jẹun." Ó bú sẹ́kún. Ìyá rẹ̀ jáde láti ilé ìdáná, ó gbá a mọ́ra, kò sì wo ibi tí Àrẹ̀mú wà.

Màríàm kò bá bàbá rẹ̀ jà lẹ́yìn ìyẹn. Ìyẹn ló burú jù. Tó bá wá sílé, á kúnlẹ̀ kí i, "Ẹ káàsán, sà," á sì kọjá lọ bá ìyá rẹ̀. Ó fi iṣẹ́ sílẹ̀, nítorí kò lè máa rí Nikhil lójoojúmọ́. Ó gba iṣẹ́ mìíràn ní Minnesota, ní ìlú kan tí kò ti mọ ẹnikẹ́ni. Ó rù débi pé ẹ̀wù rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í tóbi jù fún un. Lọ́sẹ̀ tí ìtàn Íńdíà kàn ní kíláàsì, Àrẹ̀mú ní kí àwọn ọmọ lọ kà á fúnra wọn.

Ó pe ìyá Nikhil nígbà tó rí i pé Màríàm ti ń di ẹrù.

"Màmá, mò ń rò ó. Ṣé a ò lè tún ọ̀rọ̀ yẹn gbé yẹ̀ wò?"

"Nikhil ti gbà láti fẹ́ ọmọ tí mo wá fún un," ni obìnrin náà wí. "Gbogbo ohun tí mo bá sọ ló ń gbà. Tí mo bá ní kó jẹun, á jẹ. Tí mo bá ní kó jókòó tì mí, á jókòó. Kò wo ojú mi láti ìgbà yẹn. Ẹ má bínú, sà. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má pè mí mọ́."

Ọjọ́ tí Màríàm máa lọ, Àrẹ̀mú gbé ẹrù rẹ̀ jáde sínú ọkọ̀. Ó rí i pé àpótí ìyàwó òun náà wà níbẹ̀, èyí ńlá tó fi máa ń lọ sí Nàìjíríà.

"Mò ń bá a lọ," ni Olúbùkọ́lá wí. "Kò lè dá wà."

"Títí di ìgbà wo?"

"Mi ò tíì mọ̀, Bàbá Màríàm."

"Ṣé nítorí èmi náà ni?"

"Nígbà tí bàbá mi lé mi, mo ní ẹ̀yin. Ta ni òun ní?" Ó tún gèlè rẹ̀ ṣe. "Ọbẹ̀ wà nínú fìríìsà. Mo ti pín in sí kékeré kékeré."

Màríàm kúnlẹ̀ ní ẹ̀gbẹ́ ọkọ̀, lórí kọnkéré. "Ó dàbọ̀, sà." Àrẹ̀mú fọwọ́ kan orí rẹ̀, ó fẹ́ ṣàdúà fún un bí òbí ṣe ń ṣe fọ́mọ tó ń rìnrìn àjò, ṣùgbọ́n "Ọlọ́run á sìn ẹ́" nìkan ló jáde. Wọ́n lọ. Ó dúró títí ọkọ̀ náà fi yà lọ sí ọ̀nà ńlá.

Nígbà tó wọlé, àkókò ìrun Ásárì ti tó. Ó ṣàlùwàlá, ó tẹ́ ẹní, ó kírun náà pé láìgbàgbé ohunkóhun. Lẹ́yìn tó sálámà, ó gbé ọwọ́ méjèèjì sókè kó tọrọ. Láti ìgbà tí ọ̀rọ̀ náà ti bẹ̀rẹ̀, nínú ìrun kọ̀ọ̀kan, ohun kan ṣoṣo ló ń bẹ Ọlọ́run fún: kí ìgbéyàwó náà má ṣeé ṣe. Wọ́n ti fún un. Ó wà lórí ìkúnlẹ̀ pẹ̀lú ọwọ́ lókè nínú ilé tó dákẹ́, ó ń wá ohun mìíràn tó lè béèrè tí kò ní bẹ̀rù pé wọ́n á tún fún òun. Kò rí i. Ó sọ ọwọ́ rẹ̀ kalẹ̀, ó sì ká ẹní.