Ikán Kì Í Dúró De Ìpàdé Ẹbí

Ìwé ni wọ́n sá sórí okùn bí aṣọ. Kì í ṣe ewé ìwé kan, kì í ṣe méjì. Wọ́n lọ súà láti ẹnu ọ̀nà pálọ̀ títí dé ibi tí ojú Morádéyọ̀ kò ká mọ́, wọ́n ń mì lẹ́gẹlẹ̀gẹ, bẹ́ẹ̀ ni atẹ́gùn kò fẹ́. Ilé rẹ̀ ni, ó mọ̀ ọ́n. Ògiri tí ọkọ rẹ̀ fọwọ́ ara rẹ̀ mọ ni. Ṣùgbọ́n ta ló ká òrùlé lọ? Ìmọ́lẹ̀ tó wà níbẹ̀ kì í ṣe ti oòrùn, kì í sì í ṣe ti àtùpà. Ó dà bí ìgbà tí èèyàn bá wà nínú ẹyin, tí wọ́n wá gbé ẹyin náà sójú ọ̀sán. Ewúrẹ́ mẹ́ta gba àárín pálọ̀ kọjá, pátákò wọn kò dún. Morádéyọ̀ fẹ́ kọrin, nítorí orin ló fi ń lé ẹ̀rù láti kékeré, ṣùgbọ́n ohùn kan ṣáájú tirẹ̀.

"Àwẹ̀ró, rọra o. O fẹ́ẹ́ tẹ sítáàṣì mi."

Ẹnì kan ṣoṣo ló ń pè é ní Àwẹ̀ró lẹ́yìn tí ìyá rẹ̀ kú. Ẹni náà ni Láoyè bíríkìlà, ọkọ rẹ̀, ó sì ti pé ọdún méjì tí wọ́n ti sin ín.

Kí ẹ tó mọ ìdí tí ayọ̀ àti ìpayà fi jọ dì mọ́ ìyá arúgbó lẹ́ẹ̀kan náà, ẹ jẹ́ ká padà sí àárọ̀ ọjọ́ Sátidé yẹn, ní Ifẹ́tẹ̀dó, níbi tó ti jókòó tó ń bẹ pákí.

Ìbídùn, ọmọ ọmọ rẹ̀, ló ń di ẹrù. Ọmọ ọdún mẹ́rìnlá ni. Ìyá rẹ̀, Wúràọlá, ń ṣòwò ní Kùtọnu, ẹ̀ẹ̀mejì lọ́dún ló ń wálé; ọ̀dọ̀ ìyá àgbà àti bàbá àgbà ni ọmọ náà ti dàgbà. Nínú kíláàsì tí ọmọ mẹ́rìnlélógójì wà, Ìbídùn ṣe ipò kejìlélógójì. Tíṣà ní tó bá tún fìdí rẹmi nínú ìdánwò tí wọ́n fẹ́ ṣe bí wọ́n bá wọlé, kó tún kíláàsì náà kà. Ìbídùn ní òun kò ní dúró de ìtìjú yẹn. Obìnrin kan tó ń ta oúnjẹ ní Ìbàdàn ń wá ẹni tí yóò máa bá a fọ abọ́. Lọ́jọ́ Mọ́ńdè, òun yóò bá a lọ.

"Ìbídùn, jọ̀ọ́."

"Màmá, orí mi ò gbé ìwé."

"Irọ́ ni! Orí tó gbé ìwé lọ́mọ ọdún mẹ́fà!"

"Ìgbà yẹn nìyẹn."

Kò sí ohun tí Morádéyọ̀ kò tíì ṣe. Ó ti fi ẹgba bẹ̀ ẹ́, ó ti fi dòdò bẹ̀ ẹ́. Ó ti gba fóònù ọwọ́ rẹ̀ pa mọ́ sínú ìkòkò ẹ̀lùbọ́. Ó tilẹ̀ ti dá orin sílẹ̀, tó ń kọ ọ́ bó ti ń gbálẹ̀:

*Ọmọ mi, ṣí i wò o,*
*Ìwé kì í bu ni jẹ;*
*Ọmọ mi, ṣí i wò o,*
*Ohun tó wà níbẹ̀ ń dúró dè ọ́.*

Ọjọ́ mẹ́ta tẹ̀ léra ló ní kí Ìbídùn jókòó síwájú òun, kó kàwé sókè. Ọmọ náà kà á, ó ń kà á bí ẹni tó ń da omi sẹ́yìnkùlé. Lọ́jọ́ kẹta, Morádéyọ̀ na ọwọ́ sókè.

"Dúró ńbẹ̀. Èyí tí o kà lánàá nìyí, òun náà lo kà níjẹta."

"Màmá, báwo lẹ ṣe mọ̀? Ẹ ò mọ̀wé."

"N ò mọ̀wé, ṣé mo dití ni? Tí akọrin bá gbọ́ orin lẹ́ẹ̀kan, ó ti mọ ibi tó ti tẹ̀ kọrọ̀. O rò pé etí mi ń sùn!"

Àwọn méjèèjì rẹ́rìn-ín lọ́jọ́ yẹn títí omi fi bọ́ lójú wọn. Ṣùgbọ́n ẹ̀rín kò yí ọkàn ọmọ padà. Láàárọ̀ Sátidé yìí, nígbà tí ìyá arúgbó kúnlẹ̀, ó kúnlẹ̀ gan-an ni, fún ọmọ ọmọ rẹ̀, ọmọ náà yíjú sí ògiri.

"Ẹ dìde, Màmá. Ẹ̀yin náà ò kàwé. Ṣé ẹ kú ni?"

Morádéyọ̀ dìde. Ó padà sídìí pákí rẹ̀, ó ń bẹ ẹ́, omi ojú rẹ̀ ń kán sórí èèpo. Èwo ni kó ṣe? Ta ni kó ké sí? Ẹni tó mọ bí wọ́n ṣe ń ṣe é ti wà nínú ilẹ̀. Nígbà tí ọwọ́ rẹ̀ kò gbé ọ̀bẹ mọ́, ó na ara rẹ̀ sórí ẹní lábẹ́ ọ̀dẹ̀dẹ̀, ọ̀sán gangan, oorun sì gbé e lọ.

Bó ṣe bá ara rẹ̀ lójú àlá nìyẹn, níbi tí ìwé ti wà lórí okùn.

Láoyè jókòó sórí àpótí ìjókòó kékeré rẹ̀, ó wọ ṣòkòtò péńpé tó fi ń ṣiṣẹ́, sìmẹ́ńtì gbẹ mọ́ ọn lẹ́sẹ̀ títí dé orúnkún. Abọ́ sítáàṣì tó fi ń lẹ ìwé wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Ó tẹ́ kàlẹ́ńdà àtijọ́ sórí itan, ó ń fi í bo ìwé léèpo, ó ń fi àtàǹpàkò tẹ igun rẹ̀ mọ́lẹ̀. Iṣẹ́ tó máa ń ṣe nìyí ní gbogbo ìgbà tí ilé ìwé bá fẹ́ wọlé. Ó ti pé ọmọ ogójì ọdún kó tó lọ kọ́ ìwé kíkà nílé ẹ̀kọ́ àgbà, láti ìgbà náà ni kò sì ti rí ìwé lọ́jà kó má rà á, ìbáà jẹ́ èyí tí èkúté ti jẹ lẹ́yìn. Nírọ̀lẹ́, bó bá ti wẹ sìmẹ́ńtì kúrò lára, òun àti Ìbídùn yóò jókòó sórí ẹní, wọn yóò máa kà á, bàbá lójú ìwé kan, ọmọ lójú ìwé kejì.

"Bàbá Wúrà," ni Morádéyọ̀ wí, ohùn rẹ̀ fẹ́lẹ́. "Ṣé ẹ wá mú mi ni?"

"Mú ọ lọ síbo? Sítáàṣì mi ló fẹ́ gbẹ. Bá mi di etí ìwé yìí mú."

Morádéyọ̀ kó ọwọ́ rẹ̀ sẹ́yìn. Ṣé wọ́n ń bá òkú di nǹkan mú? Ìyá rẹ̀ ti kì í nílọ̀ láti kékeré: bí òkú bá na nǹkan sí ọ lójú àlá, má gbà á.

Láoyè kò bínú. Ó fi eékún di etí ìwé náà mú fúnra rẹ̀. Ibẹ̀ ni Morádéyọ̀ ti gbọ́ ìró kan, ó ń dún wúyẹ́wúyẹ́, bí òjò tó ń pa ewé kòkó lókèèrè. Inú àpótí ìwé tó wà ní kọ̀rọ̀ pálọ̀ ló ti ń wá.

Ojú tì í. Ó mọ àpótí náà dáadáa. Ọjọ́ kẹjọ tí wọ́n sin Láoyè ni ẹ̀gbọ́n rẹ̀, Bàbá Àyìnlá, olórí ẹbí, fi àgádágodo tì í, tó sì mú kọ́kọ́rọ́ lọ sí Ìkirè. "Ìyàwó, kò sẹ́ni tó ń fọwọ́ kan ẹrù òkú kí ẹbí tó jókòó pín ogún. Ṣé o gbọ́?" Ó ní òun gbọ́. Láti ìgbà náà, ẹbí kò jókòó. Lónìí ẹsẹ̀ ń dun ẹnì kan, lọ́la wọ́n ń jà lórí oko kòkó. Morádéyọ̀ fi aṣọ funfun bo àpótí náà. Ó ń nu eruku orí rẹ̀ ní ọ̀sọ̀ọ̀sẹ̀, kò jẹ́ kí wọ́n gbé ife lé e. Ó gbà pé ọ̀wọ̀ ni òun ń bù fún ọkọ òun. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni Ìbídùn bẹ̀ ẹ́ pé kó jẹ́ kí òun mú ìwé kan ṣoṣo, èyí tí òun àti bàbá àgbà kò tíì kà parí. Lẹ́ẹ̀kẹta, ó gbá ọmọ náà létí. "Ẹrù òkú lo fẹ́ fọwọ́ kàn?" Ọmọ náà kò bèèrè mọ́. Kò tún bèèrè ìwé kankan mọ́.

"Ẹ má bínú sí mi," ni Morádéyọ̀ wí. "Wọ́n ní ká dúró de ìpàdé."

"Ikán kì í dúró de ìpàdé ẹbí, Àwẹ̀ró."

"Àwọn ni wọ́n ní kọ́kọ́rọ́! Èmi wo? Òpè ni mí. Ẹ̀yin lẹ mọ bí ẹ ṣe ń mú ọmọ yìí kàwé. Ẹ sọ ọ́ fún mi, mo bẹ yín. Mọ́ńdè ló ń lọ."

Láoyè gbé ojú sókè. Sìmẹ́ńtì wà ní ìpéǹpéjú rẹ̀.

"Nígbà tí a bá ń kà á, níbo lo máa ń wà?"

"Mo máa ń ṣa ẹ̀wà lẹ́nu ọ̀nà."

"Kí lo máa ń wí?"

"Kí ni mo fẹ́ wí? N ò lóhùn níbẹ̀."

"Ìwọ! Ìwọ tí o kì í jẹ́ ká mí!" Ó rẹ́rìn-ín, ẹ̀rín rẹ̀ àtijọ́, tó máa ń gba imú jáde. "Bí a bá ti dákẹ́ pẹ́nrẹ́n báyìí, wàá ní, 'Ẹ̀n-hẹ́n, kí ló wá ṣe?' Ọmọ yẹn á sáré ṣí ojú ìwé kejì kó lè dá ọ lóhùn. Èmi kọ́ ló ń kà á fún."

Morádéyọ̀ dúró. Ó ti ń kọrin láti ìgbà tí ó ti lẹ́yín, ó mọ̀ pé orin tí kò ní elégbè, ẹnu ní í rẹ olórin. Kò ro ó rí pé elégbè ni òun ń ṣe nígbà tí òun ń ṣa ẹ̀wà. Ọdún méjì! Ọdún méjì ni òun ti fi ègbè du ọmọ, tí òun tún ń nà án pé kò kọrin.

"Igun yìí ń ṣí," ni Láoyè wí, jẹ́jẹ́. "Ọwọ́ mi ò tó."

Morádéyọ̀ jókòó tì í. Ó na ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì, ó di etí ìwé náà mú. Sítáàṣì náà gbóná. Ọwọ́ ọkọ rẹ̀ kọjá lára tirẹ̀, ó le, ó rí háráhárá bó ṣe máa ń rí. Òórùn ilẹ̀ tútù wà lára rẹ̀. Ó fẹ́ sọ fún un pé ilé ti fẹ̀ jù fún òun, pé òun ń kọrin kí ilé má baà dákẹ́ ni. Ṣùgbọ́n ìró inú àpótí náà ń ga sí i, ewé ìwé tó wà lórí okùn bẹ̀rẹ̀ sí í já lọ́kọ̀ọ̀kan, Morádéyọ̀ sì lajú.

Ọ̀sán ṣì ni. Àgbébọ̀ adìẹ kan ń ṣa èèpo pákí. Ìtánṣán oòrùn kò tíì kúrò ní ìka ẹsẹ̀ rẹ̀ níbi tó wà kó tó sùn.

Kò fara balẹ̀ nu ojú. Ó wọ yàrá, ó mú òòlù Láoyè lẹ́yìn ilẹ̀kùn, ẹrù òkú ni òòlù náà pẹ̀lú, ó ká aṣọ funfun kúrò lórí àpótí, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í lu àgádágodo. Ìbídùn sáré jáde.

"Màmá! Bàbá Àyìnlá ní kí ẹnikẹ́ni má fọwọ́ kàn án! Wọ́n á ní ẹ jalè ogún! Wọ́n á lé yín nílé yìí!"

"Kí wọ́n wá lé mi. Sún sẹ́yìn."

Àgádágodo já. Nígbà tí ìdérí ṣí, òórùn amọ̀ ló kọ́kọ́ jáde. Ikán ti mọ ilé láti ìsàlẹ̀ dé àárín. Ìwé tí ọwọ́ bá kàn ń di ìyẹ̀fun. Morádéyọ̀ figbe ta bí ẹni tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ gbé òkú rẹ̀ dé. Ó ń kó wọn jáde, wọ́n ń dà sílẹ̀ láàárín ìka rẹ̀, àwòrán kàlẹ́ńdà níhìn-ín, ẹ̀yìn ìwé lọ́hùn-ún. Ìbídùn kò sunkún.

Lókè pátápátá ni mẹ́rin tí ikán kò tíì jẹ tán wà. Morádéyọ̀ mú èyí tó lékè, tí Láoyè fọwọ́ kàn kẹ́yìn, ó gbọn amọ̀ ara rẹ̀, ó nà án sí ọmọ.

"Kà á fún mi."

"Màmá, mo ti sọ fún yín…"

"N kò ní kí o kà á fún tíṣà. Fún èmi ni. Mo gbá ọ létí nítorí ìwé yìí. Ọwọ́ mi ló ṣe é, má bínú sí mi. Mọ́ńdè ṣì jìnnà. Kà á fún mi."

Ìbídùn wo ìwé náà. Ó mọ̀ ọ́n. Ó jókòó sílẹ̀ ní ìdajì, bí ẹni tó ń múra àtidìde. Ohùn rẹ̀ gbẹ nígbà tó bẹ̀rẹ̀. Ìtàn ọmọbìnrin kan ni, tó ru agbọ̀n iyọ̀, tó fẹ́ gba odò kọjá, òjò sì ṣú. Kò sí ilé nítòsí, kò sí ewé tó fẹ̀ tó orí agbọ̀n. Ẹ̀kán òjò àkọ́kọ́ bọ́ sí i léjìká. Ìbídùn dákẹ́.

"Ẹ̀n-hẹ́n," ni Morádéyọ̀ wí. "Kí ló wá ṣe?"

Ọmọ náà ṣí ojú ìwé kejì. Ihò ló wà níbẹ̀.

"Ikán ti jẹ ẹ́, Màmá."

"Iyọ̀ yẹn ńkọ́? Ṣé ó yọ́ ni? Ìbídùn, kí lọmọ yẹn ṣe?"

"N ò mọ̀!" Ohùn rẹ̀ ga, ó sì fọ́. "N ò mọ̀, a ò tíì débẹ̀! Ibẹ̀ gan-an la dé kí Bàbá tó kú!"

Nígbà náà ni omi ojú rẹ̀ dà, omi ojú ọdún méjì. Ó kúnlẹ̀ sídìí àpótí, ó ti ọwọ́ méjèèjì bọ ilé ikán, ó ń hú u, ó ń yọ ègé ìwé kan, ó ń gbé e sójú ìmọ́lẹ̀, ó ń gbé e sílẹ̀, ó ń mú òmíràn. Amọ̀ wọ̀ ọ́ léèékánná.

Morádéyọ̀ kò mọ̀ bóyá wọn yóò rí i. Kò mọ ohun tí Bàbá Àyìnlá yóò wí, kò sì mọ ibi tí ọmọ yìí yóò wà lọ́jọ́ Mọ́ńdè. Ó kúnlẹ̀ tì í, ó ń bá a gbọn ègé kọ̀ọ̀kan, ó ń tò wọ́n sórí aṣọ funfun. Nígbà tó ṣe, Ìbídùn mú ègé kan tí kò tóbi ju àtẹ́lẹwọ́ lọ súnmọ́ ojú, ètè rẹ̀ ń mì.

"Ìyẹn ńkọ́? Ṣé òun ni? Kí ló…"

"Màmá, ẹ dákẹ́ ná," ni ọmọ náà wí, kò gbé ojú kúrò lórí rẹ̀. "Mò ń kà á lọ́wọ́."