Ẹsẹ̀ Lásán ní Heathway

Ọmọdé ò mọ oògùn, ó ń pè é lẹ́fọ̀ọ́.

Nígbà tí oyún Wúrà fẹ́ bàjẹ́ lára Morónkẹ́, ìyá rẹ̀, ó jẹ́jẹ̀ẹ́ níwájú pẹpẹ: "Olúwa, bí ọmọ yìí bá yè, tòun tèmi ni yóò máa fẹsẹ̀ lásán rìn láti ilé wá dúpẹ́ lọ́wọ́ Rẹ." Wúrà yè. Ó ti pé ọmọ ọdún mẹ́rin báyìí. Lọ́jọọjọ́ Àìkú, wọn a wọ sùtánà funfun, wọn a gba Heathway, títì àdúgbò wọn nílùú òyìnbó, kọjá lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì láìwọ bàtà, òjò ni o, òtútù ni o.

Lọ́jọ́ Mọ́ńdè kan, bí Morónkẹ́ ṣe dé nọ́sìrì láti mú ọmọ rẹ̀, Jannah, ọ̀rẹ́ Wúrà, sáré gbé ọ̀rá kan lé e lọ́wọ́. Bàtà pupa ló wà nínú ẹ̀.

"Àǹtí, ti Wúrà ni. Mo rí yín lánàá látinú mọ́tò wa. Kò ní bàtà."

Hùmúàní, ìyá Jannah, fọwọ́ bo ẹnu. "Yéè! Jannah, o pa mí o! Ìyá Wúrà, ẹ má bínú, mi ò mọ̀ pé ó gbé e wá."

Morónkẹ́ fẹ̀rín bò ó. "Jannah mi, aṣọ Ọlọ́run la wọ̀, a kì í wọ bàtà sí i. Ṣé ẹ̀yin náà kì í bọ́ bàtà ní mọ́ṣáláṣí ni?"

"Inú ilé nìyẹn," Jannah fèsì. "Kì í ṣe títì."

Wúrà gba ọ̀rá náà, ó dì í mọ́yà.

Bí wọ́n ṣe ń lọ sílé, ìyá ń kì í: "Àbẹ̀kẹ́ mi, ọmọ ẹlẹ́ṣin tí kì í fẹsẹ̀ tẹ ẹrẹ̀..." Ó dá oríkì náà dúró síbẹ̀, ó bojú wo ẹsẹ̀ Wúrà.

"Mọ́mì, ṣé tálákà ni wá?"

"Ta ló sọ bẹ́ẹ̀?"

"Tá a bá ń ṣeré ilé ní nọ́sìrì, èmi ni wọ́n ní kí n máa tọrọ búrẹ́dì lẹ́nu ọ̀nà. Adéṣọlá ṣọ́ọ̀ṣì wa, inú mọ́tò dádì ẹ̀ ló ti ń bọ́ bàtà. Kò sẹ́ni tó ń rí ẹsẹ̀ tiẹ̀."

Morónkẹ́ fà á mọ́ra. Báwo lèèyàn ṣe ń sọ fọ́mọ ọdún mẹ́rin pé ẹsẹ̀ lásán yìí lòun fi tọrọ ẹ̀mí rẹ̀?

Nígbà tí Àìkú dé, sùtánà ti wà lọ́rùn àwọn méjèèjì. Morónkẹ́ ṣílẹ̀kùn, yìnyín ti mú kí ilẹ̀ funfun. Wúrà ò tẹ̀lé e. Ó kúnlẹ̀ láàárín pálọ̀, bí ìyá rẹ̀ ṣe kọ́ ọ láti máa kúnlẹ̀ fún Ọlọ́run, bàtà pupa lọ́wọ́ rẹ̀.

"Mọ́mì, ẹ jọ̀ọ́, ẹ wọ bàtà fún mi."