Agogo Ara Ìbọ̀sẹ̀

Ọmọ ọmọ mi ń sunkún, a kò gbọ́. Ẹnu là gbàgà, ojú pọ́n, omijé ń dà, ṣùgbọ́n ohùn kò jáde. Dókítà tó ṣiṣẹ́ abẹ ọkàn fún un ti là á yé wa: ọkàn ti ń ṣiṣẹ́ dáadáa, àmọ́ iṣan tín-ín-rín tó ń jíṣẹ́ ọpọlọ fún ọ̀fun gba ẹ̀gbẹ́ ọkàn kọjá, ó sì fara gbọgbẹ́. Iṣan náà lè jí, ó lè má jí. Ká ṣáà máa mú wàrà rẹ̀ ki, kó má baà gba ọ̀nà ẹ̀dọ̀fóró.

Ọmọbìnrin mi, ìyá ọmọ náà, kò lè fẹ̀yìn lélẹ̀ mọ́.

"Bàbá, tó bá ń sunkún tí mi ò sí nítòsí ńkọ́?"

Mo wọ yàrá, mo ṣí àpótí tí n kò ṣí láti ìgbà tí ìyàwó mi ti kú. Agogo kékeré tó fi ń pè mí nígbà àìsàn wà níbẹ̀. Télọ̀ ni mí. Mo fi òwú líle rán an mọ́ ìbọ̀sẹ̀ ọmọ náà, kó má baà já bọ́ sí i lẹ́nu.

Bí mo ṣe di ọmọ ọ̀dọ̀ nìyẹn. Ebi ń pa á, ó ta ẹsẹ̀. Ìtẹ́dìí tutù, ó ta ẹsẹ̀. Kò pẹ́ tó fi mọ̀ pé agogo ló ń gbé mi dìde nídìí ẹ̀rọ ìránṣọ. Bí mo bá ní, "Kí ló dé?" á rẹ́rìn-ín, á tún ta ẹsẹ̀. Ni ìyá rẹ̀ bá sọ ọ́ ní Ọ̀gá.

"Bàbá, Ọ̀gá ń pè yín o! Màmá gan-an ò fojú yín rí màbo báyìí."

"Màmá rẹ máa ń mọ ohun tó fẹ́ kó tó lu agogo."

A wo ara wa, a bú sẹ́rìn-ín. A kò tíì rẹ́rìn-ín nínú ilé yẹn láti ọjọ́ ìsìnkú.

Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, wàrà dà sí ìbọ̀sẹ̀ náà. Mo bọ́ ọ kí n lè fọ̀ ọ́. Ọ̀gá ta ẹsẹ̀. Kò dún. Ó wo ẹsẹ̀, ó wò mí, ó tún ta á. Inú bí i. Ó la ẹnu, ohùn kan sì jáde, ó ha bí ìlẹ̀kùn tí ìdè rẹ̀ ti dípẹtà.

Ìyá rẹ̀ sáré jáde láti ilé ìdáná. "Bàbá! Kí lẹ ṣe fún un?"

"Mo gba nǹkan rẹ̀ ni."

"Ẹ má tíì dá a padà o! Ẹ jẹ́ kó bú wa dáadáa!"

Mo di agogo náà mú ṣinṣin lọ́wọ́ kó má baà dún, kí n lè gbọ́ ọ yékéyéké.